Òkúta méjì tó mọ́ gaara bí omi: báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ quartz àti èyí tó jẹ́ calcite?

Akekoo_Okuta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òkúta. Mo ní òkúta méjì lọ́wọ́, inú àpótí kan tí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ti já dànù ni wọ́n ti wá, ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé ọ̀kan jẹ́ quartz, èkejì jẹ́ calcite. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara, téèyàn bá gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀ á rí òdìkejì. Mo ṣí ìwé, mo wo ibi tí wọ́n ti fi àwọn méjèèjì wéra, ńṣe ni orí mi tún dàrú sí i. Wọ́n ní quartz wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 2.65, calcite 2.71, kí wá ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀? Wọ́n ní àwọn méjèèjì lè funfun bíi wàrà, lè yọ pupa díẹ̀, lè ní àwọ̀ yẹ́lò, lè má láwọ̀ rárá. Wọ́n tún ní ìdílé kírísítálì kan náà ni wọ́n, trigonal. Èyí tí mo pè ní A rí bíi páálí ìṣáná tí wọ́n tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó wá dagun, gbogbo ojú ẹ̀ ló tẹ́jú. Èyí tí mo pè ní B ò ní ìrísí kan pàtó, ó dà bí ìdí ìgò tó fọ́, àmọ́ ojú kan wà lára ẹ̀ tó tẹ́jú, àwọn ìlà tín-ín-rín tò síbẹ̀ bí àkàbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí mi ò ní ba òkúta jẹ́? Ẹ sì bá mi ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan ni mo ń wá.

OnisuuruNiMi:
Àbúrò, líle ni kó o kọ́kọ́ fi wò. Lórí ìwọ̀n tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, calcite wà ní 3, quartz wà ní 7. Èékánná rẹ tó nǹkan bíi 2.5, kò lè ha ìkankan nínú wọn. Ọ̀bẹ irin tó nǹkan bíi 5.5, á ha calcite wẹ́rẹ́, àmọ́ tó bá dé orí quartz á kàn yọ̀ kọjá ni, irin ọ̀bẹ yẹn á wá fi ìlà dúdú sílẹ̀ lójú òkúta. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà o. Wọ́n á rí ìlà, wọ́n á ní òkúta ti ha, wọn ò mọ̀ pé irin ló fín sórí ẹ̀. Tó o bá ti fi ọ̀bẹ fà á tán, fi ìka tútù nu ún, kó o wá fi èékánná tọ ojú ìlà náà. Tó bá nù kúrò, irin ni. Tí èékánná bá ń há sínú kòtò kékeré, òkúta ló ha. Igun tí kò hàn síta ni kó o ti ṣe é, ìlà tí ò gùn ju èèrà lọ ti tó. B tó o sọ yẹn, fi etí ẹ̀ fa ara ìgò, quartz máa ń ha gíláàsì dáadáa, calcite ò lè ṣe é láé.

Mofemo:
Fínígà ńkọ́? Mo gbọ́ pé tí wọ́n bá kán an sórí calcite ó máa ń hó.

AntiKristali:
@Mofemo òótọ́ ni, calcium carbonate ni calcite, ásíìdì máa ń jẹ ẹ́, carbon dioxide tó ń jáde lára ẹ̀ ló ń hó yẹn. Silicon dioxide ni quartz, fínígà ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí kán an sórí òkúta tó mọ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó ń dán á di bàìbàì, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Fínígà ò tiẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀, lẹ́ńsì lèèyàn á fi rí àwọn ìfóófòó wẹ́wẹ́ tó ń yọ. Tó bá di dandan kó lò ó, kó kó ìyẹ̀fun díẹ̀ tó jábọ́ nígbà tó fi ọ̀bẹ ha igun ẹ̀, kó kán fínígà sórí ìyẹn, kó fi òkúta fúnra ẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ò tiẹ̀ rò pé ó yẹ ká ṣe òkúta kankan léṣe, nítorí ohun tó o kọ sílẹ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè rẹ tán, ọmọ mi. Páálí ìṣáná tó dagun? Bí calcite ṣe máa ń là nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń là sí, ojú kan àti èkejì á fi igun tó tó 75 dígírì pàdé, ní ibòmíì 105, kì í sí igun 90 níbẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá fi òòlù lù ú, ègé tó bá já á tún jẹ́ páálí ìṣáná tó dagun, tí wọ́n bá tún lu ègé yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni, títí dé èyí tó kéré débi pé lẹ́ńsì lèèyàn máa fi rí i. Quartz ò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tó bá fọ́, bí ìgò ló ṣe ń fọ́, á ṣe kòtò roboto tí ìlà yípo wà nínú ẹ̀ bí ara ìkarahun.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o mú dání níbí torí ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sáré kọjá lórí ẹ̀. Ojú tó tẹ́jú lára B, kì í ṣe pé ó là síbẹ̀ o. Ojú tí kírísítálì fi dàgbà nìyẹn, bó ṣe ń hù ló ṣe ń tẹ́jú, àwọn ìlà bí àkàbà yẹn sì máa ń dábùú gígùn kírísítálì quartz ni. Tó bá fọ́, ojú yẹn ò ní tún ara ẹ̀ ṣe. Ojú tí òkúta là sí máa ń tún ara ẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà. Gbé A síbi tọ́ọ̀ṣì kó o wo inú ẹ̀, bó o bá rí ẹ̀là tín-ín-rín tó ń yọ àwọ̀ òṣùmàrè, tó sì tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ojú ìta, ẹ̀rí nìyẹn.

Akekoo_Okuta:
Ẹ ṣeun ma. Mo rí òṣùmàrè yẹn nínú A, mẹ́ta ni, gbogbo wọn dagun bákan náà! Mo sì ti wọ̀n wọ́n torí mo ní ìwọ̀n tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù. A jẹ́ 43.4, B jẹ́ 37.1. Nígbà tí mo fi òwú so wọ́n tí mo rì wọ́n sómi láì jẹ́ kí wọ́n kan ìdí abọ́, A di 27.4, B di 23.1. Ṣé a lè rí nǹkan kan mú nínú ẹ̀?

OnisuuruNiMi:
A lè rí i. A fi 16.0 fúyẹ́ nínú omi, ìyẹn ni ìwúwo omi tó tóbi tó òkúta náà, tó o bá pín 43.4 sí 16.0 wàá rí 2.71. B fi 14.0 fúyẹ́, 37.1 pín sí 14.0 jẹ́ 2.65. Ọwọ́ rẹ mọ́ gan-an, mo kí ọ. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kó o gbára lé èyí nìkan, wo bó ṣe rọrùn tó láti ṣìnà: ká ní o ka 23.4 dípò 23.1 fún B, 0.3 gíráàmù péré, ohun tó fi fúyẹ́ á di 13.7, 37.1 pín sí i á sì di 2.71. Quartz ti di calcite lójú rẹ nìyẹn. Ìfóófòó afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ òkúta náà lè ṣe é ní ọ̀nà kejì, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu ara òkúta nínú omi kí n tó kà á. Ìwọ̀n tó ń ka gíráàmù odindi ò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí rárá.

OjuLensi:
Mo ti ń dúró kẹ́nì kan dárúkọ ìmọ́lẹ̀ látàárọ̀. Àbúrò, fi bíírò tọ àmì kékeré kan sórí bébà funfun, gbé A lé e kó o wò ó láti òkè. Àmì méjì lo máa rí, àwọn méjèèjì á hàn ketekete, kì í ṣe pé ojú ń ṣe ọ́. Wá máa yí òkúta náà díẹ̀díẹ̀ láì gbé e sókè. Àmì kan á dúró síbi tó wà, èkejì á máa yí i ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Tí òkúta bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, àlàfo tó wà láàárín wọn á tó nǹkan bíi mìlímítà 1. Tún wò ó dáadáa, wàá rí i pé èyí tó dúró yẹn dà bíi pé ó léfòó sókè ju èyí tó ń yí lọ.

Rasmus Bartholin, ará Denmark, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1669, calcite tó mọ́ gaara tí wọ́n kó wá láti Iceland ló lò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú calcite bẹ́ẹ̀ ní Iceland spar títí dòní. Huygens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, mú un nínú ìwé ẹ̀ ní 1690, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì, pé nínú òkúta yìí ìgbì méjì ló ń rìn, eré wọn ò sì dọ́gba. Ní 1808, Malus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, wá fi calcite wo oòrùn tó ń ta lójú fèrèsé ààfin kan ní Paris, bó ṣe ń yí òkúta lọ́wọ́ ló rí i pé àwòrán kan ń ṣókùnkùn bí èkejì ṣe ń mọ́lẹ̀. Ìwọ náà lè rí ohun tó rí. Wọ awò oòrùn tó jẹ́ polarized, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, wo àmì méjì yẹn, kó o máa yí orí rẹ. Ọ̀kan máa parẹ́ pátápátá, wàá yí i 90 dígírì, èyí tó parẹ́ á padà wá, èkejì á lọ.

Nínú ìwé, ohun tí wọ́n ń pè ní refractive index ni ìlọ́po tí ìmọ́lẹ̀ fi ń yára nínú òfìfo ju inú òkúta lọ. Calcite ní méjì, 1.658 àti 1.486. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.172, òun ni wọ́n ń pè ní birefringence, ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwọn òkúta tá a sábà máa ń rí ló ní i tó bẹ́ẹ̀.

Akekoo_Okuta:
Ẹ̀gbọ́n, mo rí i! Mo rí méjì! Àmọ́ ìwé mi sọ pé quartz náà ní méjì, 1.544 àti 1.553. Kí ló dé tí àmì kan ṣoṣo wà lábẹ́ B? Ṣé kì í ṣe quartz ni?

OjuLensi:
Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi nìyẹn. Quartz ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì lóòótọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ tiẹ̀ jẹ́ 0.009 péré, ti calcite fi ìlọ́po 19 jù ú lọ. Àmì méjèèjì wà lábẹ́ B o, wọ́n kàn sún mọ́ra débi pé ojú ò lè yà wọ́n ni. Téèyàn bá rí bọ́ọ̀lù quartz tó tóbi dáadáa, kó fi irun orí kan sẹ́yìn ẹ̀, kó máa yí bọ́ọ̀lù náà, ó máa dé ibì kan tí irun yẹn á di méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Bọ́ọ̀lù gíláàsì ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé, bó ti wù kó tóbi tó.

Mofemo:
Ó ti yé mi. Tí mo bá ti gbé òkúta lé àmì tí ò di méjì, quartz ni.

AntiKristali:
Rárá o, @Mofemo, má gbà á bẹ́ẹ̀. Gíláàsì náà ò ní sọ ọ́ di méjì. Calcite tó funfun bí ẹfun ò jẹ́ ká rí àmì rárá ká tó sọ pé ó di méjì. Calcite tó mọ́ pàápàá, ọ̀nà kan wà nínú ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà kọjá tí kò ní pín, òun ni wọ́n ń pè ní optic axis, tí wọ́n bá gé òkúta kó dábùú ọ̀nà yẹn tó o sì wò ó láti òkè, àmì kan ṣoṣo lo máa rí. Tó bá di méjì gbàgà báyìí, ó ṣeé gbára lé. Tí ò bá di méjì, kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ.

@Akekoo_Okuta, o ní o fẹ́ mọ ìdí. Nínú calcite, carbon kan wà láàárín, oxygen mẹ́ta yí i ká, gbogbo ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Gbogbo àwo wọ̀nyí ló dojú kọ ọ̀nà kan náà, wọ́n tò lé ara wọn, àwọn calcium sì wà láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń mì gba ọ̀nà tí àwọn àwo tẹ́ sí, wọ́n á fà á sẹ́yìn gan-an, 1.658 nìyẹn. Èyí tó bá ń mì lóròó sí wọn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, 1.486. Nínú quartz kò sí àwo. Silicon kan, oxygen mẹ́rin yí i ká, oxygen kọ̀ọ̀kan tún di silicon míì mú, gbogbo ẹ̀ so kọ́ra bí àwọ̀n lókè nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà ohun tó ń bá pàdé ò yàtọ̀ púpọ̀. Ohun kan náà yìí ló fà á tí quartz fi le tí kò sì ní ojú tó ń là sí, kéèyàn tó lè ya àwọ̀n yẹn, àfi kó já ìdè silicon àti oxygen tó lágbára. Calcite rọrùn láti là torí pé ìdè tó wà láàárín calcium àti àwọn àwo yẹn ló ń tú, àwo kankan ò ní fọ́. Tí mo bá ń kọ́ èèyàn, mi ò kì í fẹ́ pín líle sọ́tọ̀, ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pín in sínú ìwé. Ìtò átọ́ọ̀mù kan náà lò ń wò, ọ̀bẹ lo kọ́kọ́ fi wò ó, o wá fi ojú wò ó.

Abe_Maikirosikopu:
Ẹ jẹ́ n fi ti abẹ́ maikirosíkópù kún un. A máa ń lọ òkúta títí á fi nípọn tó mìlímítà 0.03 péré, a ó wá wò ó láàárín polarizer méjì, ìyẹn gíláàsì tó ń ṣe bíi ti awò oòrùn polarized yẹn. Tá a bá fi ìnípọn yẹn sọ birefringence di púpọ̀, òun ló ń sọ àwọ̀ tá a máa rí. Fún quartz, 0.009 lọ́nà nanomita 30,000 (ìyẹn mìlímítà 0.03) jẹ́ nanomita 270, àwọ̀ eérú dé funfun lo máa rí, tó bá nípọn jù díẹ̀ á yọ yẹ́lò. Calcite lè dé 5,160, àwọ̀ ti wọ inú ara wọn jù, á wá ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ tipẹ́, pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ yọ polarizer òkè kúrò kẹ́ ẹ máa yí òkúta. Etí calcite á ki, á dúdú, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, á tún ki, bí ẹni ń ṣẹ́jú. Quartz ò ní yí padà, etí ẹ̀ kì í hàn dáadáa torí index ẹ̀ sún mọ́ ti gọ́ọ̀mù tá a fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lọ quartz, omi ni kẹ́ ẹ fi lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì bo imú, eruku ẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Akekoo_Okuta:
Mi ò ní maikirosíkópù o. Kò sí ohun tí mo lè fi ojú lásán rí lára B?

OjuLensi:
Ó wà. Ṣí ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kó funfun, wọ awò oòrùn polarized yẹn, yí awò náà títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn. Wá gbé B sáàárín. Gíláàsì á ṣókùnkùn bíi ti ẹ̀yìn ẹ̀, àfi tí wọn ò bá rọ ọ́ dáadáa. Quartz á tàn padà nínú òkùnkùn yẹn, tó o bá yí i wàá rí i tó ń tàn tó ń kú, ní etí tó tín-ín-rín lo ti máa rí àwọ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ojú rẹ bọ́ sí ọ̀nà optic axis ẹ̀, kò ní ṣókùnkùn pátápátá, torí quartz máa ń yí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà mì bó ṣe ń kọjá, 21.7 dígírì fún mìlímítà kan tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò ti sodium. Arago, ará Faransé, ló rí i ní 1811. Calcite ò ní èyí rárá.

Mofemo:
Kí ló dé tí calcite ò ní i? Ṣebí òun ló lágbára jù nídìí ìmọ́lẹ̀.

AntiKristali:
Àwọ̀n quartz ń lọ́ bí àtẹ̀gùn oníyípo, òmíì lọ́ sọ́tùn-ún, òmíì sósì. Calcite ò lọ́, tó o bá dúró láàárín ẹ̀ ohun tó wà níwájú náà ló wà lẹ́yìn. Àìdọ́gba quartz yìí náà ló jẹ́ kó máa yọ iná mànàmáná tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, àwọn Curie, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló fi hàn ní 1880. Quartz inú aago ọwọ́ ń mì ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Calcite ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Akekoo_Okuta:
Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ lálẹ́ àná. B ha ìdí ìgò, èékánná mi há sínú ìlà ẹ̀ lẹ́yìn tí mo nù ún. Lójú fóònù ó tàn bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, pupa àti búlúù sì yọ níbi etí kan tó tín-ín-rín bíi bébà. A nípọn tó mìlímítà 18, mo fi rúlà wọn àlàfo àmì méjèèjì, ó ku díẹ̀ kó tó mìlímítà 2. Mo ti kọ lébẹ́ẹ̀lì tuntun, mo sì fi aṣọ wé calcite lọ́tọ̀ kí quartz má bàa ha á nínú àpótí. Àmọ́ nǹkan kan wà tí ò yé mi: tí mo bá sún A débi igun kan báyìí, àmì náà ju méjì lọ, àwọn míì tó ṣá díẹ̀ wà níbẹ̀.

AntiKristali:
Gbé lẹ́ńsì síbẹ̀, ọmọ mi. Wàá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba inú òkúta kọjá bíi bébà tí wọ́n fi há a láàárín. Kírísítálì ìbejì nìyẹn, ibi tí calcite ti yí ojú padà nígbà tí nǹkan tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ti pín sí méjì tún ń pín nígbà tó bá dé ibẹ̀.

Akekoo_Okuta:
Mo rí i! Ìlà méjì ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ra gan-an. Bí àmì bá ti wọ abẹ́ wọn báyìí ni àwọn tó ṣá ń yọ jáde, tí mo bá sún un kúrò, ó tún ku méjì.

OjuLensi:
Ya fọ́tò ẹ̀ wá o, kó o fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.